Atẹ́gùn Inú Ilé Tábà

Ilé tábà tó wà lẹ́yìn Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti ṣófo fún ọdún mẹ́tàdínlógún kí Fọlábí tó fẹsẹ̀ tẹ inú rẹ̀. Àwọn tó ń ra tábà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ti palẹ̀ mọ́ tipẹ́. Àdán ló jogún òkè, ewúrẹ́ ló jogún ìsàlẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 1988 ni, oòrùn ọjọ́ náà sì mú débi pé ajá rí àlejò, kò gbó. Fọlábí ti ilẹ̀kùn wọlé, ó rìn dé àárín gbọ̀ngàn, ó dúró. Nǹkan tútù kan ń fẹ́ sí i lẹ́yìn ọrùn.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀ ògiri. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ bí eyín ọmọdé. Ó gbójú sókè. Àwọn tó kọ́ ilé náà ti gbé òrùlé kékeré mìíràn gun góńgó òrùlé ńlá, wọ́n sì fi àlàfo sílẹ̀ láàárín méjèèjì. Atẹ́gùn tútù ń gba ìsàlẹ̀ wọlé láti ìhà àríwá, èyí tó bá ti gbóná ń gba òkè jáde. Ògiri amọ̀ náà nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Nítorí ewé tábà ni gbogbo ètò yìí, torí ewé tí ooru bá bò mọ́lẹ̀ yóò bu. Fọlábí rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Ohun tí àwọn ọ̀gá ní Ìbàdàn ń fi ẹ̀rọ amúlétutù wá kiri, ewé lásán ti gbádùn rẹ̀ lẹ́yìn Sábó kí wọ́n tó bí wọn!

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ló ra ilé náà, tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ọ́fíìsì àgbà wọn. Wọ́n ránṣẹ́ pe Fọlábí Akínọlá láti Ọ̀yọ́ pé kó wá bá wọn ya àwòrán rẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Fọlábí fi ya àwòrán ilé fún ìjọba kí wọ́n tó dín òṣìṣẹ́ kù tí wọ́n sì dín in mọ́ ọn. Nínú ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, ohun tó yà ni ṣáláńgá bárékè, ọgbà kóòtù, àti àtẹ̀gùn inú ilé tí ẹlòmíràn ti rò tán. Ó ti pé ẹni ọdún méjìlélógójì, kò sì sí ilé kan láyé tó lè nawọ́ sí pé, “Èmi ni mo ro èyí.” Ohun kan ṣoṣo tó rí mú bọ̀ nínú iṣẹ́ náà ni pé gbogbo èèyàn ń pè é ní Ẹnjiníà. Kì í ṣe ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń dá ẹni tó ń fún un lóyè lẹ́kun?

Ó wá rí ilé náà báyìí. Kò ní í kọ́ ọ; kí ó má ṣáà bà á jẹ́ ni. Ó fẹ́ da ẹfun sórí páànù kí oòrùn lè máa ta padà, kó fi páànù tó ń mọ́ gaara sí ojú mẹ́fà lórí òrùlé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, kó la fèrèsé onípákó sí ìhà gúúsù, kó sì fi gbogbo ilé sílẹ̀ bí gbọ̀ngàn kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tó gbé àwòrán náà síwájú ìgbìmọ̀, ó ṣèlérí fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò ní í tan gílóòbù lọ́sàn-án níbẹ̀, fáànù kankan kò ní í yí. Nẹ́pà ì báà mú iná lọ títí Jésù yóò fi dé, iṣẹ́ ẹgbẹ́ kò ní í dúró.

Ìlérí náà dùn mọ́ wọn. Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, tí gbogbo nǹkan sì di ọ̀wọ́n, àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀ gan-an ń gbọ́ ìró rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ẹkún àbíkú.

“Ẹnjiníà,” Àlàájì Mìkáílù, igbákejì alága, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, “iṣẹ́ yìí dáa. Ọpọlọ wà níbẹ̀. Mo kàn ń wá yàrá Alága ni, ojú mi ò rí i.”

“Kò sí yàrá, Àlàájì. Gbọ̀ngàn kan ni. Alága á jókòó síbí, ẹ̀yin náà á wà níbí, àwọn akọ̀wé á wà lọ́hùn-ún. Atẹ́gùn á máa kọjá lórí gbogbo wa.”

Gbogbo ìgbìmọ̀ kọjú sí Alága.

“Lórí gbogbo wa,” Alága tún un sọ, bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Díákónì Ọlọ́runṣògo ni Alága, wòlé-wòlé tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í bọ́ kóòtù rẹ̀ àti ẹ̀wù aláìlápá abẹ́ rẹ̀ bí ooru ti wù kó mú tó. “Èmi àti mẹ́sẹ́ńjà.”

“Atẹ́gùn kan náà ni, sà.”

“Mo gbọ́. Bí mo bá wá fẹ́ jẹ iyán ọ̀sán mi ńkọ́? Kí mẹ́sẹ́ńjà máa ka òkèlè mọ́ mi lẹ́nu?”

“Ká má tíì sọ ti ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ bú òṣìṣẹ́,” Àlàájì ní. “Èébú tí gbogbo ilé bá gbọ́, ìpolówó ọjà ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Fọlábí bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Díákónì ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù pé ìyẹ̀wù ni ibùjókòó àgbà. Ní ayé bàbá tiẹ̀, ilẹ̀kùn mẹ́ta ni èèyàn ń kàn kó tó fojú kàn án. Ẹni tí èèyàn bá rí láìkan ilẹ̀kùn, ta ló ń bẹ̀rù rẹ̀? Nítorí náà, kí wọ́n bá òun gé yàrá kan sí ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, ní ìhà àríwá, níbi tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà jù lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni atẹ́gùn ń gbà wọlé.

Bí Alága ṣe ní yàrá, igbákejì kò lè wà ní gbangba bí ewúrẹ́. Bí igbákejì ṣe ní, akápò ní kí ló ṣe ti òun. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, gbọ̀ngàn Fọlábí ti ní yàrá mẹ́fà, àwòrán náà sì ti jọ ilé ẹyẹlé. Fọlábí bẹ̀bẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé ògiri dandan ni, kí wọ́n jẹ́ kó mọ níwọ̀n àyà.

“Ìwọ̀n àyà!” Díákónì ní. “Ṣé balùwẹ̀ ni? Kí àwọn oníbàárà máa rí orí mi bí ẹni tó ń fi kànìnkànìn wẹ̀?”

Mùílì, olórí bíríkìlà, bá mọ ògiri náà kan àjà. Mùílì kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. “Ẹnjiníà,” ó sọ fún Fọlábí bó ṣe ń da omi sí sìmẹ́ńtì, “ẹ̀yin lẹ yàwòrán, àwọn ló ni ilé, èmi ni mo ni ìrora ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí kálukú mú tiẹ̀.”

Nígbà tí ògiri gbẹ, Fọlábí pe ìgbìmọ̀ kí wọ́n wá fojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ṣe. Ó dáná sí ewé tútù nínú ìkòkò kan níta, lẹ́bàá àwọn ihò ìhà àríwá. Tẹ́lẹ̀, irú èéfín bẹ́ẹ̀ a wọlé, a sáré la gbọ̀ngàn já, a sì gba góńgó òrùlé lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, èéfín wọ yàrá Díákónì, ó yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jókòó. Díákónì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú kóòtù rẹ̀, ó ń húkọ́.

“Ṣé ẹ rí i, sà?” Fọlábí ní. “Kò rí ọ̀nà lọ.”

“Èéfín náà mọ àgbà ni,” Díákónì ní, ó ń nu ojú. “Ó wá kí mi, kò sì fẹ́ padà.”

Gbogbo ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí Fọlábí gidi.

“Sà, ẹ dákun, nígbà tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ wòlé-wòlé, kí lẹ máa ń ṣe fún ẹni tó bá kọ́ irú yàrá tí kò lè mí báyìí?”

“Kóòtù ni mo máa ń gbé e lọ. Kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá.”

“Ẹ ò wá rí i báyìí?”

“Àwọn yẹn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe,” Díákónì dáhùn. “Èmi mọ̀ ọ́n.”

Fọlábí wọkọ̀ padà sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà. Obìnrin tó jókòó tì í fi ẹ̀pà lọ̀ ọ́, ó mi orí. Inú tó ń bí i kì í ṣe ti pé wọn kò gbọ́n. Ì bá sàn bí wọn kò bá gbọ́n. Wọ́n rí atẹ́gùn, wọ́n mọ̀ ọ́n, ó tutù lára wọn; wọ́n kàn fẹ́ kó kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó ń ti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ̀, ó gba iwájú ààfin kọjá, ó sì dúró. Láti ara ilé, òrùlé ṣóńṣó kan yọ jáde sórí òpó gbígbẹ́. Kò sí ògiri níwájú rẹ̀. Kọ̀bì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọba ń jókòó tí gbogbo ayé ń rí i, kò sì sí ẹni tó jẹ́ ka òkèlè mọ́ ọn lẹ́nu. Fọlábí pàtẹ́wọ́ kan, àwọn tó ń kọjá sì wò ó. Ṣé ipò ni Díákónì ń wá? Ipò kò sí lára ògiri. Gíga ló wà!

Ó sáré délé, ó tẹ́ bébà. Ó ya pèpéle kan sí ìpẹ̀kun àríwá gbọ̀ngàn, inú rẹ̀ ṣófo, ihò wà lára rẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ àga Alága kọjá sọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ó tán. Pèpéle lásán ti tó. Atẹ́gùn kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n àwòrán náà wà ní ìhòòhò lójú rẹ̀. Ó fi òpó méjì sí i. Òpó náà wá jọ òpó Nẹ́pà, ó bá ya fínfín sí i lára. Òpó tó dára tó báyìí kò sì lè máa gbé afẹ́fẹ́ rù, ó bá gbé òrùlé ṣóńṣó kékeré lé e. Kò sí ọmọ Ọ̀yọ́ tí kò mọ̀ pé ọba nìkan ló ń ní kọ̀bì, Fọlábí sì jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó mọ̀. Ó wo àwòrán náà, àwòrán náà sì wò ó, ó sì sọ nínú ara rẹ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò débẹ̀? Ilé kan ṣoṣo ni òun ní láyé. Kí ó rẹwà.

“Alága,” ó sọ fún Díákónì lọ́jọ́ kejì, “ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú ló ń sá sẹ́yìn ògiri. Ẹni tó bá tó èèyàn í jókòó sókè ni, kí wọ́n máa wò ó.”

Díákónì wo àwòrán náà títí. Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún wò.

“Àtẹ̀gùn mélòó ni màá gùn?”

“Mẹ́ta, sà.”

“Ti Mìkáílù ńkọ́?”

“Ọ̀kan.”

“Ẹ wó ògiri.”

Wọ́n wó o. Mùílì fi òòlù wó ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ, ó ń kọrin, torí owó iṣẹ́ méjì ni. Káfíńtà gbé òpó wá. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ẹgbẹ́ kó wọ ọ́fíìsì tuntun, atẹ́gùn sì wọlé pẹ̀lú wọn. Ó gba abẹ́ pèpéle Díákónì, ó kọjá lórí Àlàájì, ó kọjá lórí àwọn akọ̀wé, ó kan mẹ́sẹ́ńjà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gòkè lọ. Dorcas, tó ń tẹ lẹ́tà fún ẹgbẹ́, tó sì máa ń wọ aṣọ funfun ìjọ Aládùúrà rẹ̀ wá síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, ló kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn.

“Bọ̀dá Ẹnjiníà, ẹ bá mi kìlọ̀ fún atẹ́gùn yín o! Ó ti gbé lẹ́tà mẹ́ta jáde lójú fèrèsé. Ọ̀kan ti dé ọ̀dọ̀ oníṣúyà.”

“Wá òkúta lé e.”

“Mo lé e. Ó rẹ́rìn-ín ni.”

Aago méjì ọ̀sán, Fọlábí a dúró lẹ́nu ọ̀nà gúúsù, a ṣí bọ́tìnnì ọrùn, a di ojú. Kò sí gílóòbù kan tó ń tàn. Kò sí fáànù tó ń yí. Ó pé ọjọ́ mọ́kànlá tó fi dúró bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ lọ mú ìyàwó rẹ̀ wá láti Ọ̀yọ́ kó wá dúró níbẹ̀ pẹ̀lú. Obìnrin náà ní, “Ó tutù lóòótọ́,” Fọlábí sì bínú díẹ̀ pé kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejìlá ni ọjọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ti Ìrẹsà wá. Bàbá arúgbó kan wà lára wọn tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé láti inú oòrùn, ó fọwọ́ bojú, ó wo òkè gbọ̀ngàn. Ohun tó rí ni òrùlé ṣóńṣó, òpó gbígbẹ́ méjì, àti ọkùnrin kan tó jókòó láàárín wọn lókè, tí aṣọ rẹ̀ ń dán. Bàbá ṣí fìlà. Ó nà gbọọrọ sílẹ̀.

“Kábíyèsí o!”

Dorcas dáwọ́ títẹ̀ dúró.

Ẹni tó bá gbọ́n a fò sókè, a ní, “Bàbá, ẹ dìde, ẹ má kó bá mi.” Díákónì kò fò. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè díẹ̀. Títí di òní, àwọn tó wà níbẹ̀ kò tíì fẹnu kò lórí bóyá ó fẹ́ fi ọwọ́ náà sọ pé “rárá” ni, tàbí ó fẹ́ fi súre.

Àlàájì Mìkáílù ló tú u ká. Ó fò sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn rẹ̀ kan ṣoṣo, ó pàtẹ́wọ́. “Kí adé pẹ́ lórí! Ọba Alájẹṣẹ́kù! Mo ti ń wo nǹkan yìí láti ọjọ́ kìíní, mo ní ṣé kì í ṣe kọ̀bì nìyí. Díákónì, ọjọ́ wo lẹ wọ ipèbí tẹ́ ẹ ò pè wá?”

Ẹ̀rín bú. Àwọn àgbẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n di ara wọn mú. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní, “Ẹ rọra o. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ààfin ńkọ́?” Ẹ̀rín náà já bí okùn. Díákónì sì sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni tó jókòó lé ẹ̀yinná.

Ó fa Fọlábí lọ́wọ́ jáde síta.

“Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“O mọ̀ pé kọ̀bì ni.”

Fọlábí wo bàtà rẹ̀. “Mo mọ̀, sà.”

“Ó mọ̀!” Díákónì sọ fún ògiri. “O rò pé àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ò dá kọ̀bì mọ̀, àbí?”

Ohun tó rò gan-an nìyẹn. “Ẹ jẹ́ ká yọ òpó, sà. Ká yọ òrùlé. Pèpéle lásán ló máa kù, kò sí ẹni tó máa kábíyèsí pèpéle. Káfíńtà á ṣe é tán lónìí.”

“Bàbá yẹn ò ní í rántí òpó. Èmi ló máa rántí lókè níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá gbójú sókè wò mí báyìí, ẹ̀rín ló máa rín.” Òógùn ti bo iwájú orí Díákónì. “Mọ búlọ́ọ̀kù yí mi ká. Látilẹ̀ kó kan àjà. Kí ẹnikẹ́ni má rí mi mọ́.”

“Sà, atẹ́gùn gbogbo ilé...”

“Fọlábí, atẹ́gùn ló ń kó mi lọ sí ààfin!”

Nígbà tí Àlàájì Mìkáílù gbọ́ pé Alága fẹ́ ní yàrá, ó ní òun náà kò ní í wà níta bí mẹ́gàádì. Akápò gbọ́ ti Àlàájì. Bó ṣe di ọjọ́ Sátidé, gbogbo ògiri tí wọ́n wó ti ń padà sí àyè rẹ̀, Mùílì sì ń kọrin kan náà, torí owó iṣẹ́ ti di mẹ́ta.

Fọlábí ló di okùn mú fún un kí ògiri Alága má baà wọ́. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ bí ilẹ̀ ṣe dà níbẹ̀. Wọ́n tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọjá orúnkún, wọ́n kọjá àyà, wọ́n kọjá orí. Díákónì kò lè dúró kí wọ́n parí. Ó ti gbé àga rẹ̀ wọnú, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó ku búlọ́ọ̀kù kan lókè pátápátá, Mùílì wẹ ọwọ́, ó ní àkókò ìrun ti tó, ó sì lọ.

“Ẹnjiníà!” ohùn Díákónì dún láti inú. “Ìmọ́lẹ̀ kan ń wọlé látòkè. Ṣé ẹ ò tíì parí ni?”

“Ó ku ẹyọ kan, sà.”

“Dí i, jọ̀ọ́. Wọ́n lè gun nǹkan yọjú wò mí.”

Fọlábí gbé búlọ́ọ̀kù náà sí èjìká, ó gun àkàbà. Ó gbé ojú rẹ̀ sí ẹnu ihò náà kó wo bó ṣe rí. Gbogbo atẹ́gùn tó ti ń pín káàkiri gbọ̀ngàn fún ọjọ́ mọ́kànlá ló fún ara rẹ̀ gba ojú ihò kan yẹn jáde. Ó fẹ́ yẹ̀pẹ̀ sí i lójú, ó fẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ kúrò lára, ó tutù bí omi inú àmù. Nísàlẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀, Dorcas ń fi fáìlì fẹ́ ara rẹ̀. Fọlábí dúró síbẹ̀, ó di ojú. Èjìká rẹ̀ ń dùn ún, kò sọ búlọ́ọ̀kù náà kalẹ̀, kò sì fi dí ihò.

“Kí lò ń ṣe lókè níbẹ̀?”

“Mo ń wọ̀n ọ́n ni, sà.”

“Wọ̀n ọ́n kíá. Ooru ti ń mú mi.”

Fọlábí bu sìmẹ́ńtì sí ẹnu ihò náà yí ká. Ó ti búlọ́ọ̀kù wọ̀ ọ́, ó fi ìdí ṣọ́bìrì gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Ó bá a mu rẹ́gí. Kò tilẹ̀ nílò kí ó gé e.